Mo Rí I Nígbà Tó Gun Orí Òrùlé

Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ti ń kọ gẹ̀ẹ́sì sí láti ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé Dubai. Kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé. Ilé ìwé tèmi ò lọ jìnnà, kíláàsì kẹta girama ni mo ti fi í sílẹ̀ ní Ìkirè nígbà tí bàbá mi kú. Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń kọ síbẹ̀ ni èyí tí àwọn èèyàn ń sọ kọjá níwájú tábìlì mi, tí mo mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ tí mi ò mọ ohun tí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ ń sọ. "Bear with me." "Touch wood." "At the end of the day", tí wọ́n máa ń sọ ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Tí mo bá gbọ́ ọ̀kan, mo máa kọ ọ́, mo máa fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ títí màá fi rí ẹni tó lè là á yé mi.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí àyè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti kún. "Turn a blind eye." Mo ti fi bírò fa ilà gba orí ojú ewé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ mi ò gbà láti ya á kúrò.

Ilé alájà mẹ́wàá kan ní Al Rigga, ní Deira, ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì ni mo ń wọ̀. Mo ń jókòó sẹ́yìn tábìlì dúdú kan nísàlẹ̀, kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé náà sì wà lára pátákó lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo fi fọ́tò àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sílé, màmá mi ní irọ́ ni mo ń pa, pé ọlọ́dẹ kì í wọ táì, pé inú báńkì ni mo wà. Wọ́n gbé fọ́tò náà kiri àdúgbò. Mo sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí bí ẹni tí wọ́n gbá létí kì í ṣe ilé gogoro, kì í sì í ṣe oòrùn. Ìkíni ni. Lọ́jọ́ kìíní, mo dìde fún gbogbo ẹni tó wọlé, mo tẹrí ba, mo ní "Good morning, sir", "Good morning, madam". Wọ́n ń kọjá lọ bí ẹni pé fáànù ni mí. Ní Ìkirè, tí o bá kí èèyàn tí kò dá ọ lóhùn, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi náà ò dìde mọ́. Mo ti mọ bí èèyàn ṣe ń wo èèyàn láìrí i.

Sharjah la ti ń sùn, ní Al Qasimia, nínú yàrá kan tó ní bẹ́ẹ̀dì alájà méjì mẹ́ta. Bedspace ni wọ́n ń pè é: bẹ́ẹ̀dì nìkan lo rẹ́ǹtì, ilẹ̀ yàrá ò sí lára rẹ̀. Èmi wà lókè, Bọ̀dá Làmídì wà nísàlẹ̀ mi. Ọmọ Ìwó ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ogójì ọdún, iṣẹ́ AC ni wọ́n ń ṣe fún ilé iṣẹ́ kan náà tó gba èmi. Bọ̀dá Làmídì kì í kọ́kọ́ tú AC. Wọ́n á gbé etí tì í, wọ́n á di ojú, wọ́n á ní, "Eléyìí, ikọ́ ló ń wú." Tàbí, "Ebi gáàsì ń pa á." Ìgbà tí wọ́n bá tú u tán, bí wọ́n ṣe wí náà ló máa rí.

Tí bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ bá ti já wa sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣeré.

"Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́, ṣé o ti ti gbogbo Dubai pa kí o tó máa bọ̀?"

"Mo ti tì í, Bọ̀dá mi. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ ti fẹ́ atẹ́gùn sí wọn?"

"Mo ti fẹ́ ẹ sí wọn. Òtútù ń mú wọn nísinsìnyí, èmi ni mò ń làágùn."

Lọ́jọ́ Friday ni ìyàwó wọn, Ṣìfáwù, máa ń pè láti Ìwó. Wọ́n á ṣí fóònù síta kí gbogbo yàrá lè gbọ́, torí àwàdà obìnrin yẹn pọ̀. Kò rí mi rí, ṣùgbọ́n ọkọ mi ló ń pè mí, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, ṣé wọ́n ti fún yín lẹ́ran lónìí, àbí ẹ̀gbọ́n yín nìkan ló tún jẹ ẹ́?" Bọ̀dá Làmídì á ní, "Má dá a lóhùn, ó ń fi ọ́ ṣeré ni." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Friday nìkan ni mi kì í rántí pé mi ò sí nílé.

Ọdún tí mo dé yẹn náà ni ọrọ̀ ajé ìlú náà dojú dé. Crash, crash ni gbogbo èèyàn ń wí. Lójú ọ̀nà wa láti Sharjah, àwọn ẹ̀rọ gíga tí wọ́n fi ń kọ́lé dúró sójú ọ̀run láìmira, fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí ohun tí ẹni tó ni ín ti gbàgbé. Ọkọ̀ olówó ńlá wà nísàlẹ̀ ilé wa tí eruku bò títí tí ẹnì kan fi fi ìka kọ orúkọ sí i lára. Olówó rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ, kò dágbére. Ní tiwa, ọjọ́ Thursday la ń bẹ̀rù. Thursday ni Mista Babu, ọ̀gá wa tó wá láti Íńdíà, máa ń wá pẹ̀lú ẹ́ńfílóòpù lọ́wọ́. Ẹni tó bá nà án sí, khalas, ó ti parí nìyẹn: wọ́n á pa físà rẹ̀ rẹ́, ó di ilé. Àwọn oní-AC jẹ́ mẹ́fà nígbà tí mo dé. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, Bọ̀dá Làmídì nìkan ló kù fún ilé mẹ́rin.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà ooru, òfin wà pé láti agogo méjìlá ààbọ̀ títí di agogo mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ oòrùn gbangba. Ìjọba máa ń rán èèyàn kiri láti yẹ̀ ẹ́ wò, ìtanràn rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ìwé kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì mi. Ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ orí òrùlé, mo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ àti aago tó gbà á. Tó bá wà lókè, mo gbọ́dọ̀ máa gòkè lọ wò ó ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí. Ìwé kejì wà fún yíyí ilé ká, wákàtí kan, ìlà kan. Gbogbo àwa ọlọ́dẹ la mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé kejì yìí: ní agogo méje àárọ̀, kí o tó mu tíì, o ti kọ ọ́ dé agogo méje alẹ́. "All OK. Roof door locked. All OK." Lífíìtì falẹ̀, àtẹ̀gùn pọ̀, Mista Babu kì í sì í wò ju pé kí ìlà kún. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò pé irọ́ ni.

Lọ́jọ́ kan, Mista Babu fara ti tábìlì mi. Ó ní àwọn ayálégbé ń kó jáde, pé ìdajì ilé ti ṣófo, pé ẹni tó ni ilé ò fẹ́ gbọ́ pé AC ẹnikẹ́ni kú fún wákàtí kan. Tí Làmídì bá gba kọ́kọ́rọ́ nínú aago tí òfin dá dúró, kí n fún un, kí n má kọ ọ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká, ó ní, "You just turn a blind eye."

Mo ní, "Yes, sir." Nígbà tó lọ tán, mo mú ìwé mi, mo kọ ọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn, mo bi Bọ̀dá Làmídì.

"Ojú tó fọ́?" ni wọ́n wí. "Ojú ta ló fọ́?"

"Ó ní kí n yí i ni."

"Kí o yí ojú tó fọ́? Èwo ni kí o wá fi ríran? Ìwọ lo kàwé, Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́. Èmi ẹ̀rọ ni mo gbọ́."

Àǹtí Bùnmi ni mo wá bi. Ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo tó ń gbé ilé náà nìyẹn, báńkì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àjà karùn-ún ni wọ́n ń gbé. Àwọn nìkan ló máa ń dúró kí mi. Wọ́n gbé báàgì wọn lé tábìlì.

"Ó túmọ̀ sí pé o rí nǹkan, ó yẹ kí o ṣe nǹkan sí i, o wá ṣe bí ẹni tí ò rí i."

Mo ní, "Áà, mójú kúrò ni, Àǹtí."

Wọ́n ronú díẹ̀. "Rárá o. Wò ó. Tí mo bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ nínú lífíìtì, tí mo ní jọ̀ọ́, mójú kúrò, ta ló ń dùn?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ náà lo sì máa mójú kúrò. Ìwọ lo ni ìrora, ìwọ lo dárí jì. Eléyìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe blind eye, ẹlòmíì ló máa ń dùn." Wọ́n gbé báàgì wọn. "Ta ló sọ ọ́ fún ẹ?"

"Mo kàn gbọ́ ọ ni, mà."

Mo ti rò ó títí pé ká ní mo sọ ẹni tó sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀. Àǹtí mọ òfin, wọ́n sì lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Wednesday la wà, Thursday ló kàn.

Mo tiẹ̀ lò ó pàápàá. Òyìnbó kan ní àjà kẹta ń sin ajá kékeré kan tí ilé ò fàyè gbà. Apẹ̀rẹ̀ ló máa ń gbé e sí. Lọ́jọ́ kan, ajá náà yọ orí níwájú mi. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, mo ní, "Sir, I am turning a blind eye." Ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó ní kò yẹ kí n sọ ọ́ fún òun. Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé mi, sábẹ́ ohun tí Àǹtí sọ: Ẹni tó ń ṣe é kì í sọ ọ́ jáde.

Ọjọ́ Monday kan ni, nínú oṣù kẹjọ. AC àjà kẹjọ dé ìkẹwàá, àti ti ìsàlẹ̀ níbi tí mo jókòó, kú láti agogo mọ́kànlá. Nígbà tí Bọ̀dá Làmídì fi máa dé láti ilé kejì, aago ti kọjá méjìlá ààbọ̀. Wọ́n ti fi omi rẹ táwẹ́ẹ̀lì, wọ́n wé e mọ́rí, ìgò omi méjì wà lábíyá wọn.

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kó di agogo mẹ́ta. Ẹ wo ìta."

"Kí Babu wá bá mi ní Thursday? Àwọn tó wà lókè ti pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Mú un wá jàre. Ogójì ìṣẹ́jú ni."

"Ẹ mú ìgò kan sí i."

"Ọwọ́ mi mélòó? Ṣé ẹsẹ̀ ni màá fi gbé irinṣẹ́?"

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ náà lára pátákó, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Ìwé kọ́kọ́rọ́ wà ní ṣíṣí níwájú mi. Mo pa á dé.

Nígbà tó kọjá agogo kan díẹ̀, atẹ́gùn tútù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti òkè orí mi. Inú mi dùn. Mo sọ ọ́ jáde fún ara mi pé, "Bọ̀dá mi ti ṣe é." Mo retí wọn. Wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Mo pè wọ́n lórí fóònù, ó dún títí, wọn ò gbé e. Mo ní bóyá wọ́n ń di irin. Nígbà tó ku díẹ̀ kó lu méjì, mo tún pè. Wọn ò gbé e.

Ó yẹ kí n gòkè. Àmọ́ mo rí ọkùnrin méjì pẹ̀lú káàdì lọ́rùn ní òdìkejì títì, wọ́n ń ya fọ́tò ibi tí wọ́n ti ń tún ilé ìtajà kan ṣe. Àwọn tí ìjọba ń rán kiri ni. Mo ronú pé tí mo bá kúrò lórí tábìlì tí wọ́n sì wọlé, wọ́n á béèrè ibi tí mo lọ. Mo wo ìwé yíyí ilé ká. Ní ìlà agogo méjì, ohun tí mo kọ ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀: "Roof door locked. All OK." Mo jókòó. Atẹ́gùn tútù tí Bọ̀dá Làmídì ṣe ń fẹ́ sí mi lọ́rùn, mo sì jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo mẹ́ta lù nígbà tí mo gòkè. Irin ilẹ̀kùn yẹn jó mi lọ́wọ́. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí òjìji kan wà tí kò gbòòrò ju pákó kan lọ, wọ́n fẹ́ fi ara wọn há sínú rẹ̀. Bàtà kan ti bọ́. Ìgò méjèèjì ti gbẹ. Wọn ò làágùn rárá. Ara wọn gbẹ, ó gbóná bí ìkòkò. Wọ́n ń bá màmá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Màmá, mò ń bọ̀, mò ń wá bàtà mi ni."

Mo wọ́ wọn wọ inú àtẹ̀gùn, mo da omi sí wọn lára, mo pe áḿbúláǹsì. Nǹkan kan wà tí mo ṣe kí n tó pe áḿbúláǹsì yẹn. Mo ṣì máa sọ ọ́.

Wọn ò kú. Gbogbo èèyàn ní kí n máa dúpẹ́. Kíndìnrín wọn bàjẹ́ díẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì ò gbọ́ tiwọn mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu wọn. Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ wa gbé bébà síwájú mi. Mista Babu dúró tì í, ó ń wo ògiri. Ọkùnrin náà béèrè ẹni tó fún Làmídì ní kọ́kọ́rọ́. Mo ní mi ò mọ̀. Ó béèrè bóyá mo rí i nígbà tó gòkè. Mo ní mi ò rí i. Ó kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo lọ sí ọsibítù. Bọ̀dá Làmídì fi ojú pè mí pé kí n tẹ̀ mọ́ wọn.

"Wọ́n wá síbí," ni wọ́n wí, díẹ̀díẹ̀. "Mo ní... èmi ni mo yọ kọ́kọ́rọ́... nígbà tí o lọ da ìdọ̀tí."

"Bọ̀dá mi, kí ló dé?"

"Ṣé ká lọ sílé... àwa méjèèjì? Ta ló máa wá bọ́ ta?"

Ó yẹ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Ọkàn mi balẹ̀. Ó balẹ̀ débi pé ebi pa mí lójijì. Ìrẹsì àti adìyẹ tí wọ́n gbé fún wọn wà lórí tábìlì kékeré, wọn ò lè jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n jẹ ẹ́. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo jẹ ẹ́ tán.

Torí pé Làmídì fúnra rẹ̀ ló rú òfin, bí ìwé ṣe wí, ilé iṣẹ́ ní kò sí ohun tí wọ́n jẹ̀bi rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n rà. Èmi ni mo ti kẹ̀kẹ́ arọ tí wọ́n jókòó sí dé ibi tí wọ́n ti ń wọlé ní ápọ́ọ̀tù. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbá mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́." Ẹ̀rín tó yẹ kó tẹ̀ lé e ò jáde.

Wọ́n sọ mí di olórí àwọn ọlọ́dẹ ilé yẹn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo ra fíríìjì fún màmá mi. Ní Ìkirè, tí wọ́n bá ń ka àwọn ọmọ tó ṣe dáadáa, wọ́n ń ka tèmi mọ́ ọn. Ará Bangladesh kan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ báyìí, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, a máa ń fi orí kí ara wa. Nígbà míì tí mo bá ń rìn ní ọjà Rolla ní Sharjah láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, mo máa ń rò ó pé kí ni wọ́n ń pè ní ibi tí èèyàn ti jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń kí ọ ni. Lójú mi nísinsìnyí, ibi tí ẹnì kan ti mọ̀ ọ́ tó láti sọ fún ọ pé irọ́ lò ń pa ni. Ní gbogbo Dubai àti Sharjah, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀. Òun ni mo ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ápọ́ọ̀tù.

Ṣìfáwù ò dẹ́kun pípè. Ẹ̀rín ti kúrò lóhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ mi náà ló ṣì ń pè mí.

"Ọkọ mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ká ní ẹ ò gòkè lọ wò ó, òkú ni à bá gbà."

"Ẹ má dúpẹ́, ìyàwó wa."

"Ẹ̀gbọ́n yín ló bí mi nínú. Ìjọba ní ẹ má ṣiṣẹ́, ìwọ jí kọ́kọ́rọ́, o gun òrùlé lọ́sàn-án gangan! Kí la ti ń pe ìyẹn bí kò ṣe agídí? Màmá rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ gidi mọ́. Wọ́n ní ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀, ó wá di ẹrù sí gbogbo wa lọ́rùn. Àná, Ràṣídì ọmọ wa ní kó má bá òun wí, pé olè tó jí kọ́kọ́rọ́ ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá! Mo gbá a létí o, ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ?"

"Kí ni Bọ̀dá sọ?"

"Ó kàn wo ilẹ̀."

Lọ́jọ́ yẹn ni mo wá mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan kọ́. Wọ́n jókòó sínú ilé ara wọn, láàárín àwọn èèyàn wọn, bí ẹni tó jẹ̀bi, irọ́ tí wọ́n pa torí tèmi sì dí wọn lẹ́nu.

Ọjọ́ Friday mẹ́ta ni mo fi kọ lẹ́tà náà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́kọ́ fi kọ ọ́, fún ilé iṣẹ́, kí wọ́n tún ìwé wọn ṣe kí wọ́n sì san ohun tó tọ́ sí Bọ̀dá Làmídì. Ìgbà tí mo kà á tán, kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. "A mistake was made. The key was not recorded." Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti ń kó jọ láti ọjọ́ yìí, ó ti dára tó láti fi sá pamọ́. Mo ya á. Mo fi Yorùbá kọ ọ́, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, mo rí i dájú pé "mo" wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni mo wá yí i sí gẹ̀ẹ́sì bó ṣe rí.

Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Deira. Ṣéènì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo wo inú gíláàsì: wọ́n ti dojú tábìlì dé, wáyà kún ilẹ̀. Ìyẹn ò yẹ kó yà mí lẹ́nu, torí ilé iṣẹ́ mìíràn ti gba àwa ọlọ́dẹ láti oṣù méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ́fíìsì ṣì máa wà. Ọlọ́dẹ tó wà níbẹ̀, ará Nepal, wo lẹ́tà ọwọ́ mi. "Company khalas," ló wí. Mo béèrè Mista Babu. Ó ju ọwọ́ sókè bí ọkọ̀ òfuurufú.

Mo dúró níwájú gíláàsì yẹn, ojú sì tì mí láti sọ pé nǹkan kan nínú mi tún fẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á mọ́. Mo lè lọ sílé.

Rolla ni mo lọ, sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń pe òkè òkun, mo wọ inú àpótí gíláàsì kejì, mo pe Ìwó. Ọ̀sán ni níbẹ̀ náà.

"Ọkọ mi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n yín ń yá oòrùn níta."

"Ìyàwó wa, ẹ jókòó. Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ kà fún yín."

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ẹ kàn gbọ́."

Mo kà á. Yorùbá rẹ̀ ni mo kà.

"Èmi ni mo fún Làmídì ní kọ́kọ́rọ́ orí òrùlé. Mo fi ọwọ́ mi yọ ọ́. Mo rí i nígbà tó gòkè. Wọ́n ní kí n má kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì gbà. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e, mi ò lọ wò ó, torí mò ń bẹ̀rù iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo bá a nílẹ̀, kí n tó pe áḿbúláǹsì, mo kọ́kọ́ mú fóònù rẹ̀, mo pa ìpè mi méjèèjì rẹ́ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé mo mọ̀ pé ó wà lókè. Làmídì ò jí kọ́kọ́rọ́. Ó pa irọ́ yẹn kí wọ́n má bàa lé mi. Mo jẹ́ kó pa á."

Mo gbọ́ tí adìyẹ ń ké lọ́hùn-ún, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀, tó wá dúró.

"Ìyàwó wa?"

"Ìṣẹ́jú mélòó?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ fi pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Kò pẹ́."

"Kò pẹ́."

Mo rò pé ó máa gé ìpè náà. Ó yẹ kó gé e. Dípò ìyẹn, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀, mo gbọ́ ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tó pariwo jáde síta: "Màmá! Màmá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ máa bọ̀. Ràṣídì! Wá síbí, dúró níwájú bàbá ẹ."

Àga fa ilẹ̀. Mo gbọ́ ikọ́ arúgbó kan. Mo wá gbọ́ ohùn Bọ̀dá Làmídì, ó jìnnà, ó ń pẹ́ bó ṣe ń bọ̀.

"Àbúrò... ni? Fi sílẹ̀. Sọ fún un... kó fi sílẹ̀."

"Kò ní fi í sílẹ̀," ni Ṣìfáwù wí. Ó padà sí mi. Kò pè mí ní ọkọ mi. "Mo ti ṣí i síta, gbogbo wọn ń gbọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kà á sókè."

Oníṣọ́ọ̀bù fi kọ́ìnì kan gíláàsì lẹ́yìn mi, pé ẹlòmíì ń dúró. Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo tẹ́ ìwé náà mọ́ ògiri, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.